Yàrá Lẹ́tà Kún Lọ́jọ́ Tí Ìyá Rẹ Ránṣẹ́ Pè Ọ́

Àbdùlkàrímù ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Èkó. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀nà tí ò ń gbà jáde láàárọ̀, kí Ọlọ́run Ọba máa jẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ gbà á padà nírọ̀lẹ́. Àmín. Àwa náà wà níbí. Ọkà bàbà ti gbó, àmọ́ màlúù àwọn Fúlàní ti jẹ lára rẹ̀. Ewúrẹ́ aláwọ̀ eérú bí méjì. Láwàl tíṣà ló ń bá mi kọ ìwé yìí, ó ní kí n kí ọ.

Ìyá rẹ ti kú. Láwàl ti gbé bírò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní wọn kì í kọ irú rẹ̀ sínú lẹ́tà, pé kí n kàn ní ara ìyá kò yá, kí o máa bọ̀, kí àwọn àgbà wá sọ ọ́ fún ọ nígbà tí o bá ti jókòó, tí o sì ti mu omi. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Bí mo bá ní ara rẹ̀ kò yá, o lè rò pé àyè ṣì wà.

Ibà ló mú un. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ibà náà kò lọ, ìyá rẹ wá ń bèèrè rẹ. Fóònù ilé iṣẹ́ yín kò wọlé. Mo bá gba ọ̀dọ̀ Táòfíkì lọ ní àdúgbò Ṣàngó, oní-kọ̀ǹpútà tí o mú mi mọ̀ nígbà Iléyá, tí o ní bí ọ̀rọ̀ kánjúkánjú bá wà, kí n tó jókòó ó máa ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo ní kó kọ ọ́ pé ìyá rẹ ń pè ọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ṣe, ó ní lẹ́tà náà ti padà wá. Mo bi í pé ṣé dírẹ́bà kò mọlé ni. Ó ní kò sí dírẹ́bà níbẹ̀, pé yàrá tí lẹ́tà rẹ ń gbé ló kún, kò gba ẹyọ kan mọ́.

Ìwọ náà lo ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà Iléyá yẹn. O ní iṣẹ́ rẹ ni láti wá àyè fún lẹ́tà àwọn èèyàn tó pọ̀ bí eṣú, pé inú yàrá ńlá kan ni gbogbo rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, wíwá ti ẹnì kan wá di wàhálà, ìwọ lo pín in sí yàrá kéékèèké, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ lo fi pín in. Mo yìn ọ́ lọ́jọ́ náà, mi ò mọ̀ pé o ti gbàgbé ibi tí wọ́n bí ọ sí. Nínú agbolé wa nìkan, Abdulmumini wà, Abdulrasaki wà, Abdulganiyu wà, ìwọ náà wà. Bí gbogbo Abdul ilẹ̀ yìí bá wọ yàrá kan, àwọn yàrá yòókù á ṣófo débi tí èèyàn lè sá gbàgúdá síbẹ̀.

Mo sọ fún Táòfíkì pé àká ẹ̀yìnkùlé mi ṣófo, kó ní kí ẹ̀rọ wá da èyí tó pọ̀ jù síbẹ̀ títí di ìkórè, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, kò rín in mọ́. Mo ní kí ni lẹ́tà tí wọ́n ti kà tán tún ń ṣe níbẹ̀, ṣé àgbàdo tí a ti jẹ máa ń padà wọ àká ni? Ó tún tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà náà tún padà wá.

Mo délé, ìyá rẹ ní ṣé o gbọ́. Gbogbo ẹbí rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo ní o gbọ́, o ti wà lọ́nà. Ó ní kí wọ́n yí òun kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó kú kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà.

Mo ní kí Lémọ́mù dúró dè ọ́. Ó ní wọn kì í dá òkú dúró. Mo bá a jà títí, wọ́n gbé e jáde lẹ́yìn ìrun àìlà, Abdulmumini ló wọ inú ilẹ̀ gba orí rẹ̀ dípò rẹ. Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ bá Lémọ́mù pé kó tún ọ sọ lórúkọ, kó sọ ọ́ ní Yékínì tàbí Wàídì, kí lẹ́tà rẹ lè rí yàrá tó ṣófo wọ̀. Ó ní òun kò lè pa àgbò ìsọmọlórúkọ fún ẹni tó ti ní irùngbọ̀n, kí o lọ tún iṣẹ́ rẹ ṣe. Àgbò tí mo ti rà sílẹ̀ ṣì wà lórí ìso. Bí o bá fẹ́ orúkọ tuntun náà, sọ fún mi.

Ohun tó le jù nìyí. Àwọn ẹbí ìyá rẹ ní o gbọ́, o kọ̀, o ò wá. Wọn kò fẹ́ kí o tẹ ilẹ̀ àdúà tí a fẹ́ ṣe fún un. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yàrá fún wọn títí, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí ọjọ́ orí ti bà lọ́pọlọ jẹ́. Mi ò sì lè sọ pé irọ́ ni mo pa fún ẹni tó ń kú lọ. Mi ò ní sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni àdúà ọjọ́ kẹjọ. Fi owó ìrẹsì àti ti àwọn Alfa rán dírẹ́bà Gáréèjì Ọ̀fà tó mú ìwé yìí wá, má ṣe fi í sínú ẹ̀rọ. Ìwọ náà wá. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé mọ́tò rẹ ló bàjẹ́ lọ́nà. Má dárúkọ yàrá kankan. Mọ́tò tó bàjẹ́ máa yé wọn.

Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ìyá rẹ. Kó dá ọ sí fún mi. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ tìrẹ bá pè ọ́, kí o gbọ́, kí o sì dé bá wọn láyọ̀. Àmín.

Èmi ni baba rẹ, Bẹ̀llò. Àtàǹpàkò mi ló wà nísàlẹ̀ yìí.