Mílíọ̀nù Kan ó Lé Mẹ́ta, Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Káfíńtà

Àbúrò mi, káfíńtà mi, ọdún márùn-ún rèé tí o lọ! Ọdún márùn-ún tí mi ò rí ẹni gidi bá jiyàn.

Ìwọ lo dá a sílẹ̀. O ní mílíọ̀nù kan ó lé mẹ́ta, kò sí nọ́ńbà tó lè pín in dọ́gba, àfi oókan àti òun fúnra rẹ̀. Mo ní irọ́ ni! Nǹkan tó tóbi tó yẹn? O yọ pẹ́ńsù létí, o bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìṣirò rẹ̀ sára ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ. O fi méje pín in, ó ku mẹ́rin. O fi mọ́kànlá pín in, ó ku mẹ́rin. O fi mẹ́tàlá pín in, mẹ́rin náà ló kù! O fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọ̀sẹ̀ fi parí.

O dé orí 613, àìsàn dé.

Ọdún márùn-ún rèé! Ọmọbìnrin rẹ àgbà ló ń darí ìsọ̀ báyìí, àga tó bá kàn kì í mì. Àbíkẹ́yìn rẹ ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ń kun ìsọ̀ lọ́dà, ìyàwó rẹ dúró ti ilẹ̀kùn náà gbagidi. Ó ní ẹni tó bá fi búrọ́ọ̀ṣì kan ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì ni yóò jọ fa aṣọ ya.

Torí pé èmi àti àwọn ará ilé rẹ ò dáwọ́ dúró. O ní ká máa fi àwọn nọ́ńbà olórí kunkun tí nǹkan kan ò lè pín nìkan dán an wò. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló ṣẹ́ kù ká tó dé ẹgbẹ̀rún. Gbogbo ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, a ń pín ẹyọ kan. Ọwọ́ la fi ń ṣe é o, kò sí ẹ̀rọ ìṣirò.

Ó kàn mí, mo fi 709 pín in. Ó pín! Kò ku nǹkan kan. Mo jàre! Ni mo bá jókòó sórí àpótí rẹ, mo bú sẹ́kún. Mi ò fẹ́ jàre mọ́. Ọmọ rẹ gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi, ó tún un ṣe láti òkè délẹ̀. Èmi aránṣọ tí mi ò ṣi aṣọ wọ̀n rí, mo ti ṣi ìṣirò! 313 ló kù. Inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí pé mo ṣàṣìṣe.

Lóṣù tó kọjá, a fi 997 pín in. Ó ku méjìlá. Ó parí! Bí nọ́ńbà méjì bá ju ẹgbẹ̀rún lọ, tí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, wọ́n á ti kọjá tiwa. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ kéré, a sì ti dán gbogbo àwọn kékeré wò.

Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, gàdàgbà: ÀBÚRÒ MI LÓ JÀRE. Mi ò sọ ọ́ lójú rẹ rí, ó sì dùn mí.

A nífẹ̀ẹ́ rẹ síbẹ̀. Àárò rẹ ń sọ wá, ó ń sọ mí jù. Mo ti gbà, àbúrò mi. Wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.