Okùn Àwọ̀n Tí Mo Gé

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta
A ti gúnlẹ̀. Èèyàn mọ́kànlélógún la fà jáde nínú ọkọ̀ rọ́bà tó ń rì — gbogbo wọn ló yè! Inú mi ń dùn ṣìnkìn. Àmọ́ kí n tó lè tètè débẹ̀, mo gé àwọ̀n Ẹ̀gbọ́n mi sómi. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi hun ún. Mo sọ fún wọn pé àpáta ló fà á ya. Wọ́n wo okùn tó ṣẹ́ kù, wọ́n ní "ó dáa", wọ́n mú un lọ sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Ọlọ́pàá ti gba ọkọ̀ mi. Wọ́n ní àdéhùn wà láàárín èmi àti àwọn tó gbowó kó èèyàn wọ̀nyẹn gba orí omi wọ̀lú lọ́nà ẹ̀bùrú, pé ńṣe ni mo lọ pàdé wọn. Èmi! Èmi tí ìyàwó mi ò rí bá ṣàdéhùn oúnjẹ alẹ́. Tí ẹjọ́ bá dá mi lẹ́bi, ọkọ̀ lọ, èmi náà dèrò ẹ̀wọ̀n.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Lọ́yà mi wá. Obìnrin kékeré báyìí — mo ti sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fádìẹ. Ó ní òfin òkun ò lọ́jú pọ̀: ẹni tó bá rí èèyàn nínú ewu lórí omi gbọ́dọ̀ gbà á là, ibi yòówù kó ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí dà pé mi ò mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀? Mo bá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ àwọ̀n. Ó fò sókè. Ta ní í da àwọ̀n sómi, kó tún gé e sọnù, torí àlejò tó ti ń retí? Okùn ọ̀hún dà?
Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n. Yéè.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Mo dé ẹnu ọ̀nà Ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mo padà lẹ́ẹ̀mejì. Ojo ni mí.

Ọjọ́rú, 13
Ilé ẹjọ́. Abẹ́rẹ́ ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ pe Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n wọlé, okùn wà nínú ọ̀rá dúdú. Agbẹjọ́rò ìjọba bi wọ́n pé kí ni mo sọ nípa àwọ̀n. Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu.
Wọ́n ní, "Ó ní àpáta ni. Irọ́ ló pa. Àpáta a máa tú okùn lẹ́nu; ọ̀bẹ ló gé eléyìí. Kò sì sí apẹja tó máa gé àwọ̀n ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣeré."
Adájọ́ pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó dá mi sílẹ̀, tọkọ̀tọkọ̀! Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ọjọ́bọ̀, 14
Ẹ̀gbọ́n gbé òwú wá. À ń hun àwọ̀n tuntun níwájú ilé, ara tù mí. Mo dọ̀bálẹ̀ nítorí irọ́ yẹn. Wọ́n ní kí n dìde, pé àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, àwọn kàn ń retí ẹnu mi ni. Wọ́n wá fi okùn hàn mí: ojú ọ̀bẹ méjì.
"Ẹ̀ẹ̀mejì lo gé e. Tàkọ́kọ́ ò wọlé. Kí lò ń rò?"
Mo ní ẹ̀yin ni mo ń rò.
Wọ́n fa òwú le.
"Tó bá dọjọ́ mìíràn, má rò mí."