Èsì Omi Tí Mo Fi Pamọ́ fún Oṣù Mẹ́rìnlá

Ilé Alhaji Yúnúsà,
Woliwo, Onitsha,
Ìpínlẹ̀ Anambra.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta, 2025.

Sùmáyyà, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé, ìwọ àti bàbá àwọn ọmọ, àti àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìdúró, kí ó má bá ẹnikẹ́ni yín lórí ibùsùn àìsàn. Àwa náà wà níbí. Màmá mi ní kí n kí ọ. Orúnkún ṣì ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni wọ́n ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Iweka Road, wọ́n ní ìjókòó ilé ló ń pa àgbà.

Mo rí ìròyìn ayọ̀ tí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù, pé wọ́n ti fọwọ́ sí owó ìwádìí tí o bèèrè fún. O ní, "Àjọkẹ́, ìwọ lo ti ṣe irú rẹ̀ rí, kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bójú tó o." Ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí mo kà á. Mo da fóònù dé, mo jáde síta, mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò fún ìgbà pípẹ́. Má ṣe rò pé inú mi ò dùn sí ọ. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ní láti sọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń tẹ̀ lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìwé àti bíírò.

O mọ̀ pé ìlú yìí ni wọ́n ti bí mi, àti pé omi kànga ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà ní Woliwo. Nígbà tí mo dé ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n yẹ omi ogójì ilé wò, kí n mọ èyí tí kòkòrò táífọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́sàn-án láti kọ àbá yẹn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ó padà lọ bá onílé kọ̀ọ̀kan, a ó sọ ohun tí a rí nínú omi rẹ̀ fún un, a ó sì fi oògùn sí kànga tí kò dára. Àjọ òkè òkun tó fún wa lówó kọ̀wé pé apá ìparí yẹn gan-an ló wu àwọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ń bu omi lọ tí wọn kì í mú èsì bọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún mi ni Mama Obiageli, opó kan tó nílé ní ojúlé kẹta sí tiwa. Láti kékeré ló ti ń pè mí ní "Ada Alhaji," ìyẹn àkọ́bí obìnrin Alhaji. Àwọn ará àdúgbò ò fẹ́ kí a fọwọ́ kan kànga wọn, wọ́n rò pé ìjọba fẹ́ wá dí i pa ni. Mama Obiageli ló mú mi lọ́wọ́ láti ilé dé ilé, tó ń sọ fún wọn pé ọmọ òun ni mí, pé n kò lè parọ́ fún wọn. Orúkọ rẹ̀ ni mo fi wọ ilé wọn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé ọjọ́ tí wọ́n bá fún ọ lówó ìwádìí ni wọ́n fún ọ̀gá rẹ náà. Kì í ṣe àpò rẹ ni owó náà ń wọ̀, àpò ilé-iṣẹ́ ni. Oṣù méje ló lò níbẹ̀ kí a tó rí i lò. Dókítà Akínbíyìí ni ọ̀gá àgbà wa, ìlú Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti gbé e wá. Mi ò ní pè é ní ìkà. Nígbà tí ìyàwó ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa fẹ́ bímọ, òun ló sanwó iṣẹ́ abẹ. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Bóyá ohùn rẹ̀ yẹn ló fà á tí n kò fi tètè gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023, èsì jáde. Kànga mẹ́tàdínlógún nínú ogójì ni kò dára. Ti Mama Obiageli wà lára àwọn tó burú jù. Mo gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá, mo ní a ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ fún wọn, kí ó jọ̀ọ́ kí ó tú owó oògùn sílẹ̀. Ó ní owó yẹn ti wọ inú ọkọ̀ tuntun tí òun rà fún ilé-iṣẹ́.

Mo ní, "Sà, ìwé àdéhùn sọ pé tí a bá fẹ́ yí owó láti ibì kan sí ibòmíràn, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àjọkẹ́, ta ló máa ti òkè òkun wá yọjú wo kànga ní Woliwo? Tí o bá sì lọ sọ fún àwọn ènìyàn pé omi wọn ò dára, tí o ò ní oògùn lọ́wọ́, ṣé o fẹ́ dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ni? Fi sùúrù sí i. A ó rí owó mìíràn."

Ọ̀rọ̀ náà dà bí ọgbọ́n létí mi. Kí n má purọ́ fún ọ, ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ọdún yẹn ni orúkọ mi wà níwájú ọ̀gá fún ìgbéga, òun nìkan ló sì lè fi ránṣẹ́ sí Abuja. Mo kó èsì náà sínú dúrọ́ọ̀ mi, mo tì í, mo ń fi sùúrù sí i. Ní gbogbo àkókò yẹn, tí mo bá ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, mo ń rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń fa omi, mo ń kí wọn, wọ́n ń dá mi lóhùn.

Oṣù méje lẹ́yìn náà ni ìròyìn iṣẹ́ tó kàn gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó fún wa lówó. Ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà: ṣé ẹ ti fi èsì tó àwọn onílé létí, ṣé ẹ sì ti tọ́jú àwọn kànga? Nígbà tí ìwé dé tábìlì mi, ọ̀gá ti kọ "Bẹ́ẹ̀ ni" síbẹ̀. Àyè ìbuwọ́lùwé mi nìkan ló ṣófo. Sùmáyyà, ẹnikẹ́ni ò di ọrùn mi mú. Akọ̀wé tó gbé e wá tilẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà. Mo buwọ́ lù ú. Ìgbéga mi jáde ní Oṣù Kẹrin.

Oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá ni màmá mi ti ṣọ́ọ̀bù dé, wọ́n ní wọ́n ti gbé Kamsi lọ sí ọsibítù. Ọmọ-ọmọ Mama Obiageli ni Kamsi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé. Táífọ́ọ̀dù ti lu ìfun ọmọ náà, wọ́n ní láti la inú rẹ̀ kí ó tó yè. Nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù, ọmọ náà ń sùn, rọ́bà wà nímú rẹ̀. Mama Obiageli fà mí jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Kò sunkún. Ó kàn bi mí pé, "Ada Alhaji, that water wey you fetch from my well that year, wetin una see inside?"

Mo ní, "Mama, the result never come out."

Ohun tí mo sọ nìyẹn, pẹ̀lú ẹnu mi yìí, níwájú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán inú rẹ̀. Ó mi orí, ó ní kò burú, iṣẹ́ ìjọba kì í yá. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo wá wò wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kọ̀wé sí àjọ tó fún wa lówó. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì sọ ipa tèmi náà. Mo rò pé wọn yóò gba owó lọ́wọ́ ọ̀gá, kí wọ́n fi tọ́jú kànga. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró, wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ dá ìyókù owó padà. Àwọn méjì tí mo gbà síṣẹ́ fún àyẹ̀wò pàdánù iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ kan náà. Hàmdálàt, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kò gbé fóònù mi mọ́. Ìjọba gbé Dókítà Akínbíyìí lọ sí Abuja, sí ọ́fíìsì tó tóbi ju tibí lọ. Èmi gba ìwé ẹ̀sùn, nítorí pé ọwọ́ mi ló wà lábẹ́ irọ́ náà. Kànga mẹ́tàdínlógún ṣì wà bí wọ́n ṣe wà.

Nígbà náà ni mo tó gbé èsì jáde nínú dúrọ́ọ̀, tí mo lọ bá Mama Obiageli nílé. Mo sọ fún un lórí ìdúró. Ó bi mí pé, "That day for hospital, you don know?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé yóò lé mi jáde. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní, "Oya, come." Ilé mọ́kànlá ló mú mi lọ lọ́jọ́ náà. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: "Hear wetin this one wan talk." Kò pè mí ní ọmọ òun mọ́.

Àwọn kan bú mi. Ọkùnrin kan fa ìwé náà ya. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jí mi lójú oorun títí di òní ni ti Bílíkísù, ọmọ Ìwó bíi bàbá mi, tó ń ta ìbòrí nítòsí wa. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi obìnrin kú ní Oṣù Kẹrin. Wọ́n kàn ní ibà ni. Ṣé omi yìí ni?" Mo ní mi ò mọ̀, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ mọ́. Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ wá sọ fún wa." Oṣù Kẹrin tí ó ń wí yẹn ni oṣù tí ìgbéga mi jáde.

Owó oṣù mi ni mo fi ń ra oògùn omi báyìí. Mo ti tọ́jú mẹ́jọ. Àwọn yòókù, àwọn kan ò jẹ́ kí n wọlé, àwọn kan ní kí n má fi májèlé kún ti tẹ́lẹ̀. Kamsi ti dìde, ó ti padà sí ilé ìwé, àpá náà gùn láti ìdodo dé àyà rẹ̀. Mama Obiageli ń rí mi lójoojúmọ́. Kì í kí mi.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí owó rẹ bá dé, má fi àdéhùn náà sílẹ̀ fún akáńtà nìkan. Kà á títí dé òpin, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà nílé rẹ. Ohun tí ọ̀gá bá fẹnu sọ fún ọ, kọ ọ́ sínú ìwé padà sí i lọ́jọ́ náà gan-an, kí o sì fi tó àwọn tó ni owó létí kí ó tó di pé ọkọ̀ ti dúró sí ọgbà. Má buwọ́ lu iṣẹ́ tí ojú rẹ ò rí. Bí wọ́n bá ní kí o fi sùúrù sí i, bi wọ́n pé ta ló ń mu omi náà lọ́wọ́ báyìí. Àwọn tí o bu nǹkan lọ́wọ́ wọn ni kí o kọ́kọ́ jíyìn fún; àwọn tó fún ọ lówó lè dúró.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ dára ju tèmi lọ. Kí ó fún ọ ní ọ̀gá tó bẹ̀rù Rẹ̀, kí ó sì fún ìwọ náà ní ìgboyà bí ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ò bá sí. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má di ẹkún ní ilé onílé. Bá mi fọwọ́ ra orí àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé ìwé, tí o lè bínú sí bí o bá kà á tán,
Àjọkẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù: Mo rí fọ́ọ̀mù tí o fi sí ìsàlẹ̀ ìròyìn rẹ, pé kí n buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn fún iṣẹ́ rẹ. Mi ò buwọ́ lù ú. Àjọ tó fún wa lówó, tó jẹ́ pé òun kan náà ló fọwọ́ sí owó tìrẹ, ti kọ orúkọ mi sára àwọn tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó wọn fún ọdún márùn-ún, ìwọ náà yóò sì pàdánù owó wọn bí wọ́n bá rí orúkọ mi lára iṣẹ́ rẹ. Wá ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló dé tí o yọ mí, má wá àwáwí kankan fún mi. Fún wọn ní lẹ́tà yìí kí wọ́n kà.