Àwo Orin Tí Bàbá Rẹ Kì Í Fẹ́ Gbọ́

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ara àwa náà le níbí, bí a bá yọ ti orúnkún mi kúrò. Iwájú àti ẹ̀yìn ìwé kan ṣoṣo ni mo fi kọ èyí, kí owó sítáǹbù má baà di méjì.

Mo gbọ́ pé o fẹ́ fi àwo orin bàbá rẹ sórí ẹ̀rọ fún àwọn àlejò lọ́jọ́ tó bá pé àádọ́rin ọdún. Dákun, má ṣe é. Wọ́n sọ fún ọ pé ọkọ̀ ló gbá a lẹ́nu tí kò fi fọn fèrè mọ́. Irọ́ ni.

Èmi ni mò ń po tíì ní ilé iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ nígbà náà. Wọ́n kó ẹgbẹ́ méjì sínú yàrá kan: àwọn onífayolíìnì, tí kì í ta okùn láìwojú ìwé, àti àwọn oníjáàsì bíi bàbá rẹ, tí í fọn fèrè bí inú wọn bá ṣe ní kí wọ́n fọn ọ́n. Wọn ò fẹ́ràn ara wọn rárá. Ọ̀gá onífayolíìnì ní, "Ẹ bá mi sọ fún aláriwo yìí kó kàwé." Bàbá rẹ ní, "Ẹni tó fẹ́ kàwé, kó gba ilé ìwé lọ. Orin ni èmi wá ṣe."

Ẹ̀rọ ń yí lọ́wọ́, wọ́n dé ibi tó yẹ kí fèrè dákẹ́ kí fayolíìnì gbà á. Fèrè dùn mọ́ bàbá rẹ lẹ́nu, kò dákẹ́. Ọ̀gá yẹn rò pé ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó gbé àga tó jókòó lé, ó là á mọ́ ọn lẹ́nu tòun ti fèrè. Eyín mẹ́ta já, ètè pín sí méjì. Onílù àwọn oníjáàsì ò bèèrè ẹjọ́. Ó fi irin tí wọ́n ń gbé ìwé orin lé lu ọwọ́ ọ̀gá náà títí egungun fi dún. Mo fi aṣọ ìnutábìlì di ẹnu ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀jẹ̀ ń kán sínú ife tíì. Owó iṣẹ́ ọjọ́ náà kò tó ti dókítà. Nínú bàbá rẹ àti ọ̀gá yẹn, kò sẹ́ni tó tún ṣe orin mọ́.

Nítorí kò sẹ́ni tó lè tún un fọn, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ gé orin náà níbi tí àga ti fẹ́ kàn án lẹ́nu, wọ́n sì tà á bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn ní bó ṣe dákẹ́ lójijì yẹn ló dùn jù. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti bàbá rẹ wà nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti fi àwo náà sórí ẹ̀rọ. Àtẹ́wọ́ sọ gbà. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Àbúrò, àga yẹn ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún."

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọmọ tìrẹ náà tọ́jú rẹ bí o ti ń tọ́jú bàbá rẹ. Ẹnu wa kò ní jẹ ìyà.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ obìnrin.

Àfikún: Bí àwọn àlejò bá fẹ́ orin, ẹ fi ẹnu yín kọ ọ́. Òun náà á bá yín gbè é. Eyín ló sọnù, ohùn rẹ̀ ṣì wà.