Ẹyin tí Fọláhànmí dá padà

Takie, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi Olúyẹ́misí,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àjò o. Ọkọ mi àti ìyá ọkọ mi ń kí yín. Ilé ọkọ tù mí lára débi pé mo máa ń dá rẹ́rìn-ín nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Léèsì tí ẹ fi ránṣẹ́ láti Kútọnú ni mo wọ̀ lọ kí Màámi ní Ọ̀yọ́.

Ibẹ̀ ni ayọ̀ mi ti wọmi. Apá Fọláhànmí ọmọ yín ti rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, irun rẹ̀ ti pọ́n, kò sì lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré mọ́. Nọ́ọ̀sì ní oúnjẹ aṣaralóore ni kò rí jẹ, pé a lè pàdánù rẹ̀. Adìẹ Màámi ń yé lẹ́yìn ilé, àmọ́ ẹ̀kọ nìkan ni wọ́n ń fún ọmọ náà. Wọ́n ní, “Ọmọ tó bá ti mọ adùn ẹyin, olè ni yóò jà. Ìwọ tí o kò tíì bímọ, o fẹ́ kọ́ mi ní ọmọ títọ́?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Ẹ̀yin lẹ bí i, wọ́n á gbọ́ tiyín. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí n mú un wá sọ́dọ̀ mi; ọkọ mi ti gbà. Kí ẹ bá Fọláhànmí náà sọ̀rọ̀. Mo yọ́ ẹyin kan sè fún un. Ó dì í mú díẹ̀, ó dá a padà sí mi lọ́wọ́, ó ní, “Àǹtí, èmi kì í ṣe olè.”

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ wálé bá a láàyè.

Àbúrò yín,
Àríkẹ́