Ọ̀pá Kan, Ìwọ̀n Méjì

Ojúlé Kẹrìnlá,
Àdúgbò Òkè-Àlàáfíà,
Odigbo,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹjọ, 2025.

Abraham, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ilé rẹ. Báwo ni òjò Òkìtìpupa? Tiwa níbí ti dá díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣì ṣú. Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti gbà ọ́ láyè láti rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Ìyàwó wa ńkọ́, Olúbùsọ́lá? Mo gbọ́ pé ó ti padà sídìí epo rẹ̀. Kó rọra ṣe é o, ara kì í ṣe òkúta. Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ-ọmọ tó fọ́ gíláàsì ojú rẹ ńkọ́? Èmi wà láàyè, mò ń jẹ, mò ń sùn, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Pẹ̀lú ìbínú náà ni mo fi gbé kálàmù, nítorí náà bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi bá rí wọ́gọwọ̀gọ, fara dà á. Ọ̀rọ̀ náà kàn ọ́. Wàá rí i níwájú.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí Monílọ́lá, ìyàwó mi, ti ṣubú tí egungun itan rẹ̀ kán ló ti wà lọ́dọ̀ Inúmidùn, ọmọ wa, ní Àkúrẹ́. Dókítà ní kò ní lè dá rìn mọ́, wọ́n sì ra àga oníkẹ̀kẹ́ fún un. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé òun fẹ́ padà sílé òun. Èmi náà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ilé yìí dákẹ́ jù. Ẹni tó ti ń bá ènìyàn jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀ láti ìgbà èwe, bí kò bá sí nílé, ọbẹ̀ náà kì í dùn mọ́, ì báà níyọ̀, ì báà má ní.

Ohun kan ṣoṣo ló bá mi ṣàdéhùn lé lórí. Ó ní wọ́n lè bá òun gbé oúnjẹ, wọ́n lè bá òun tẹ́ ibùsùn, ṣùgbọ́n òun fúnra òun ni yóò máa wẹ̀, nínú balùwẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Ní Àkúrẹ́, àga rẹ̀ kò gba ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, ọmọdébìnrin kan ni wọ́n gbà tó ń wẹ̀ ẹ́ ní gbangba yàrá bí ọmọ ọwọ́. Ó ní bí òun bá dé Odigbo tí òun kò bá ilẹ̀kùn tó tì, inú mọ́tò tí òun bá wá ni òun yóò bá padà. O mọ Monílọ́lá. Kì í wí ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ tiwa náà kò sì fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Mo pe Adéyẹyè, bíríkìlà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé mi, mo ní kó bá mi fẹ̀ ẹ́ sí ọ̀pá kan. Mo pe Tàófíìk, wẹ́dà tó ń jó irin ní Ore, lórí fóònù, mo ní kó bá mi ṣe ilẹ̀kùn onírin pẹ̀lú férémù tó fẹ̀ ní ọ̀pá kan. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo bá àwọn méjèèjì sọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọkọ̀ gbé ilẹ̀kùn dé. Adéyẹyè ti fẹ ẹnu ọ̀nà, ó ti da líńtẹ̀lì sórí rẹ̀, ó ti lẹ táìsì mọ́ etí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń dán bí awo. A gbé férémù, kò wọlé. A yí i, kò wọlé. Adéyẹyè fi èjìká tì í bí ẹni ń ti mọ́tò tó kú, kò wọlé. Ó fi ínǹṣì mẹ́ta àti díẹ̀ tóbi ju ihò náà lọ. Adéyẹyè nu òógùn ojú, ó ní, "Bàbá, ọ̀pá kan lẹ pè, ọ̀pá kan ni mo là. Ẹsẹ̀ mẹ́ta géérégé. Ẹ bi wẹ́dà yín léèrè ilé ìwé tó lọ."

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, jẹ́ kí n bínú díẹ̀ sí i.

Irú ìlú wo ni a ń gbé yìí, Abraham? Ilẹ̀ tí mo kọ́ ilé yìí lé, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi tà á fún mi. Nígbà tí awọ̀nlẹ̀ parí iṣẹ́, mítà ló kọ sórí àwòrán rẹ̀, mo sì fi odidi ọ̀sẹ̀ kan gbà pé wọ́n ti jí ìdajì ilẹ̀ mi gbé. Bíríkì tí a fi mọ ọ́n, náìn-ínǹṣì ni. Irin tó wà nínú òpó rẹ̀, mìlímítà ni. Pákó òrùlé, ẹsẹ̀ méjìlá ni wọ́n ń pè é nílé ìlagi ní Ore. Bí o bá wọ̀n ọ́n, kò pé, ṣùgbọ́n olè nìyẹn, kì í ṣe ìṣirò. Páànù tí a fi bo pákó náà, mítà ni wọ́n fi ń tà á. Ta ni yóò wá fẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà fún onímítà? Nígbà tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn tí a kan òrùlé, ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ló ti ń jò lé mi lórí.

Téèpù Adéyẹyè ńkọ́? Orí rẹ̀ ti já. Ó ní kí ènìyàn sáà máa yọ ínǹṣì kan kúrò nínú ohunkóhun tó bá rí. Tèmi ní ìlà méjì, ínǹṣì lókè, sẹ̀ǹtímítà nísàlẹ̀, ojú mi kò sì rí ti ìsàlẹ̀ mọ́ àfi bí mo bá gbé e jáde sínú oòrùn. Inúmidùn pè mí pé dókítà ní kí ẹnu ọ̀nà má dín ní ọgọ́rin. Ọgọ́rin kí ni? Kò mọ̀, ọgọ́rin ni dókítà wí. Bẹ́ẹ̀ ni ínǹṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n kọ sí ìdí àga náà.

Ṣé o rántí ìgbà tí a pa pọ́n-ùn àti ṣílè tì? A kò fi ṣílè pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí pé bóyá a óò tún ná an lọ́la. Ṣé o rántí ọjọ́ tí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún? Ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Bí wọ́n bá ti ní kí ẹni tó bá wu òsì máa wa òsì, kí ẹni tó bá wu ọ̀tún máa wa ọ̀tún, ta ni ìbá ṣẹ́kù lójú ọ̀nà Ore yìí? Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe sí ìwọ̀n wa nìyẹn. Láti ìgbà náà la ti ń forí sọ ara wa.

Mo tẹ Tàófíìk láago. N kò kí i. Mo ní, "Olódo! Ta ló kọ́ ọ ní ìṣirò?"

Ó ní, "Ẹ̀yin ni, sà."

Ìwọ ti rántí, àbí? Èmi kò rántí. Òun ló rán mi létí, ohùn rẹ̀ kò sì le. Ó ní òun ni ọmọ Hàlímọ̀ aláṣọ, tó wà ní kíláàsì mi níbí lọ́dún tí ìjọba ní kí a kó ẹsẹ̀ bàtà àti máìlì dànù. Mo dúró níwájú pátákó, mo ní láti òní lọ, ọ̀pá ti di mítà. Ọmọ náà nawọ́ sókè, ó ní rárá sà, ọ̀pá ìyá òun, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni. Mo nà án. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ọ̀pá igi tí ìyá rẹ̀ fi ń wọn aṣọ lọ́jà wá, kó lè fi hàn mí. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣẹ́ ẹ lórí orúnkún mi lójú gbogbo kíláàsì, mo sì tún nà án títí ó fi wí pé, "Ọ̀pá kan, mítà kan."

Ó ní, "Tíṣà, láti ọjọ́ náà, ẹni yòówù tó bá pe ọ̀pá fún mi, mo máa ń bi í pé èwo. Ẹ̀yin nìkan ni n kò bi. Mo rò pé tiyín kò lè yí padà."

Abraham, ìwọ lo sọ fún mi ní ọ́fíìsì àwa tíṣà lọ́jọ́ náà pé kí n pe mítà ní mítà, kí n fi ọ̀pá sílẹ̀ fún àwọn aláṣọ. Mo pè ọ́ ní ará àtijọ́. Ìwọ náà lo lọ bẹ Hàlímọ̀ lẹ́yìn tí a jáde, mo sì bínú sí ọ pé o ń bà mí lórúkọ jẹ́. Mo jẹ̀bi lọ́dọ̀ rẹ. Mo jẹ̀bi lọ́dọ̀ obìnrin náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, Ọlọ́run sì ti pè é kí n tó ní ojú tí mo máa fi bẹ̀ ẹ́. Èyí tó wá burú jù ni pé bí o bá bi mí pé, nígbà tí mo wí fún bíríkìlà àti wẹ́dà pé ọ̀pá kan, èwo nínú méjèèjì ni mo ní lọ́kàn, n kò lè sọ. Mo sáà wí ọ̀pá ni. Mo na ọmọ ọlọ́mọ nítorí ọ̀rọ̀ tó ṣì dà rú lẹ́nu èmi fúnra mi.

Ọkọ̀ gbé ilẹ̀kùn padà sí Ore. Nírọ̀lẹ́, Monílọ́lá pè. Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo gbé e mì, mo sọ òótọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Bàbá Inúmidùn, ṣé kò sí igi mọ́ ní Odigbo ni? Ẹ gé igi, ẹ fi wọn ẹnu ọ̀nà, ẹ gbé igi náà tọ wẹ́dà lọ. Kí ni nọ́ńbà ń wá níbẹ̀?" Ó tún ní, "Ọjọ́ Sátidé ni mò ń bọ̀ o."

Ní òwúrọ̀ Ẹtì, Adéyẹyè gé ọparun kan. A fi sí ẹnu ọ̀nà náà, a ń gé e díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bọ́ sáàárín ògiri méjèèjì láìmì. Mo gun ọ̀kadà, mo fi ọparun dábùú itan mi. Ọlọ́kadà bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Bàbá, ta lẹ fẹ́ lọ nà ní Ore?" Mo ní kó máa wo iwájú.

Tàófíìk jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun ju tèmi lọ. Bó ti rí èmi àti ọparun, ó fò dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ìdí. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́! Ọ̀pá kan, mítà kan!" Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Níwájú àwọn ẹlòmíràn ni mo ti nà án, nítorí náà níwájú wọn ni mo ti bẹ̀ ẹ́, fún ẹgba náà, fún ọ̀pá ìyá rẹ̀, àti fún olódo tí mo pè é.

Ó ní ìyá òun fi okùn di ọ̀pá tí mo ṣẹ́ náà pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti kúrú díẹ̀, àwọn oníbàárà wá ń pariwo lé e lórí lọ́jà pé ó ń rẹ́ àwọn jẹ. Obìnrin tí kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí. Ó ní ìyẹn ló dun òun, kì í ṣe ẹgba. N kò mọ̀, Abraham. Ṣé ìwọ mọ̀, tí o kò sọ fún mi?

Lẹ́yìn náà ó gba ọparun lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè wò, ẹ̀rín sì bọ́ sí i lẹ́nu. "Ṣé ọ̀pá ìyá mi lẹ wá san yìí, tíṣà?" Ó tẹ́ ọparun lé férémù, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, ó dín in ní ìbú èékánná kan kó lè wọlé. Kò fọwọ́ kan téèpù. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti gé férémù àti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ti jó wọn pọ̀, ó ti bá mi gbé wọn dé Odigbo, Adéyẹyè sì fi símẹ́ǹtì mú férémù mọ́lẹ̀. Ọparun náà kò bá mi padà wálé. Tàófíìk ní òun yóò gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù òun.

Inú ṣì ń bí mi sí ìlú yìí, má rò pé ó ti rọ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè máa bú u mọ́ bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dà á rú. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo di ẹgba mú.

Monílọ́lá dé lọ́sàn-án Sátidé. Kò sinmi, kò mu omi. Ó yí àga rẹ̀ gba ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ tààrà, èmi àti Inúmidùn ń tẹ̀ lé e bí ẹni tí a fẹ́ dá lẹ́jọ́. Àga náà kọjá láìkan irin lápá kankan. Ó yí i padà nínú balùwẹ̀, ó nawọ́, ó fa ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tí ìkọ́ rẹ̀ wọlé. Mo dúró síbẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà nínú garawa. Mo ṣì dúró síbẹ̀. Ìgbà náà ni ohùn rẹ̀ jáde: "Bàbá Inúmidùn, kí lẹ ń wá lẹ́nu ọ̀nà mi? Ẹ kúrò níbẹ̀ jàre."

Abraham, mo kúrò níbẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Bá mi kí Olúbùsọ́lá, kí o sì kí gbogbo àwọn tó bá ṣì rántí mi nínú àwọn tíṣà àtijọ́ lọ́dọ̀ yín. Monílọ́lá ní kí n kí ọ, ó ní kí o wá jẹ́rìí sí ilẹ̀kùn òun. Jọ̀ọ́, wá, kí n lè sọ fún ọ lójúkojú ohun tí mo kọ síhìn-ín. Má bi mí bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Bí o bá wọkọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ọbẹ̀ ọ̀sán yóò ti jinná kí o tó dé, a ó sì ti máa jà lórí iyọ̀ rẹ̀.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́, bí o bá ṣì ń gbà mí,

Elisha.