Kí Ló Wà Nínú Dúrọ́ọ̀mù Yìí Rí?

Hesekáyà Ògúntìmẹ́hìn, àbúrò mi, ọdún mẹ́ta ti yí po láti ìgbà tí ibà ti mú ọ lọ. Ọdún mẹ́ta! Òòlù rẹ kò tíì sinmi.

O mọ̀ mí. Èmi Láyí, ẹ̀gbọ́n rẹ, ojo ni mí. Nígbà ayé rẹ, bí o bá ń gé dúrọ́ọ̀mù ní ìsọ̀, ẹ̀yìn igi ọsàn ni mo ti ń wò ọ́. Nígbà tí o lọ, àwọn ará Akanran ní ìsọ̀ náà kò ní pẹ́ wó mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ́wùnmí ìyàwó rẹ ló kó irin tí o fi ń gé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ máa gbọ̀n, àmọ́ ẹ máa gé e."

Mò ń gé e! Dúrọ́ọ̀mù òróró tí wọ́n jù nù di agbada tí àwọn ìyá fi ń yan gààrí. Páànù òrùlé tí wọ́n ṣí kúrò lórí ilé di ohun tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ààtàn etí odò, èyí tó máa ń bí ọ nínú, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀. Omi ibẹ̀ kò pọ́n mọ́. Olúwaṣìkẹ́mi ọmọ rẹ, tí o fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ti ń gbé agolo lọ pọnmi níbẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o gbọ́.

Kí ọwọ́ rẹ tó kan dúrọ́ọ̀mù kankan, o máa ń bèèrè pé, "Kí ló wà nínú ẹ rí?" Bí wọ́n bá ní oògùn kòkó ni, o kì í fi ṣe agbada láé. O ní iná kì í jó májèlé yẹn kúrò lára irin.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, Ṣítù tó ń bá wa wá dúrọ́ọ̀mù kó mẹ́rin dé. Ó ti fi yanrìn fọ̀ wọ́n, wọ́n ń dán. Àwọn ìyá elégààrí ń dúró dè wá. Mo bi í. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n Láyí, atẹ́gùn ló wà nínú ẹ! Ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ níyàwó ni, tí ẹ fi ń wádìí ìdílé ẹ̀?"

Mo ti imú bọ̀ ọ́. Oògùn kòkó! Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ní òun á kó wọn fún ẹlòmíràn lọ́nà Ẹgbẹ́dá, tí kò ní bi òun ní nǹkan kan.

Hesekáyà, mo jókòó lórí ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀mù náà! Èmi, ojo! Mi ò dìde. Ọmọ́wùnmí gbé òòlù ńlá, ó ń lu àwọn yòókù ní pẹlẹbẹ. A fi dúrọ́ọ̀mù òróró tiwa rọ́pò fún Ṣítù, gbogbo èyí tó ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹbí yìí, orí yín ò pé!" Àmọ́ ó gbà á. A kò rí agbada tà títí òjò fi dé. Ó ni wá lára. A kò kábàámọ̀.

Irin náà la fi ṣe ilẹ̀kùn ìsọ̀, níbi tí oúnjẹ kò ti ní kàn án. Mo fi ọ̀dà kọ ọ́ sára rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà: KÍ LÓ WÀ NÍNÚ Ẹ RÍ? Ṣítù fúnra rẹ̀ ń kà á sókè báyìí kó tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Àmọ́ a kò ní ti ìsọ̀ yìí pa. A kò ní tì í!

Àárò rẹ ń sọ wá, àbúrò mi. A fẹ́ràn rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, tó bi mí pé kí ló wà nínú ìsọ̀ yìí rí, èsì mi ò ní pẹ́ rárá: Hesekáyà ni. Òun náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Láyí, Ọmọ́wùnmí àti Olúwaṣìkẹ́mi